Bí ọlọ́pàá bá lù yín níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò l'Ékìtì: ìgbésẹ̀ tí ẹ̀sùn yín á fi mú ẹni tó lù yín

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà ń gbé lọ bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ kì í lọ jìnnà, torí pé kò sí ẹni pàtó kankan nínú rẹ̀. "Ọlọ́pàá kan gbá mi létí lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́." Ọlọ́pàá wo? "Ó wọ aṣọ dúdú." Nígbà wo? "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni." Ọ̀gá tó gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí kò tilẹ̀ nílò láti bo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ó kàn máa ní kí ẹ lọ wá ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni kí orúkọ tàbí àmì ẹni náà, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọgbẹ́ ara yín ti wà nínú ìwé kí ọjọ́ tó lọ lórí rẹ̀, kí ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára láti fìyà jẹ ẹni tó jẹ̀bi.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó jáde nílé

Fóònù tí iná wà nínú rẹ̀, tí àyè fídíò sì kù lórí rẹ̀. Ẹ̀dà pátíkúlà ọkọ̀ àti láísẹ́ńsì, kí ojúlówó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Bírò àti ìwé kékeré kan. Nọ́ńbà lọ́yà kan àti ti ẹbí kan, lórí bébà, kì í ṣe nínú fóònù nìkan, torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ há 112 sórí, nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo Nàìjíríà ni. Bí ẹ bá ń rìn lóru láti Adó sí Òmùò, tàbí láti Ìtawúré wọlé, kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ láàyè

Ojú títì kọ́ ni ilé ẹjọ́. Ẹ lè jàre lójú òfin, kí ìbọn sì yìn lójijì. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bó bá jẹ́ òru, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀ kí wọ́n lè rí i. Ẹ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Bí ẹ bá fẹ́ mú ìwé, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tó wà kí ẹ tó nawọ́ sí i.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé wọ́n á di ọwọ́ ọlọ́pàá mú nígbà tó bá ń yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọwọ́ yẹn tí ẹ dì mú, "ó lu ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́" ni wọ́n máa pè é ní téṣàn. Ẹ jẹ́ kó mú kọ́kọ́rọ́ náà. A máa gbà á padà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí fóònù kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti kéde lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kò fẹ́ kí ọlọ́pàá máa dá ará ìlú dúró kí wọ́n máa tú fóònù rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹni tó wà nítòsí gbọ́: "Ọ̀gá, n kò fẹ́ kí ẹ yẹ fóònù mi wò." Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ẹ má bá wọn fà á.

Ní ti fídíò, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ya ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ níta gbangba, àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin fàyè gbà ni kò léwu. Èrò tó jókòó lẹ́yìn ni kó yà á, tàbí ẹni tó ń ta ọsàn lódì kejì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n na ìbọn sí.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn wọ́n lé lórí: ọlọ́pàá lè lo agbára tó mọ níwọ̀n láti mú ẹni tó ń sá tàbí tó ń bá a jà. Ẹni tó ti dúró, tó ti na pátíkúlà, kò sí nínú ìyẹn. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ ìwà ìkà àti ìwà tó ń tàbùkù ẹ̀dá. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni, ti ọdún 2017, tún sọ pé "ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é" kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó wà fún ẹni tó bá rú u sì lè tó ọdún 25. Àwọn ọlọ́pàá ní ìlànà tiwọn fúnra wọn lórí ìgbà tí a lè yìnbọn, Force Order 237 ni wọ́n ń pè é. Kí awakọ̀ máa bá ọlọ́pàá jiyàn kò sí lára ohun tó ní kí wọ́n torí rẹ̀ yìnbọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ó kéré tán ẹnì kan rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mẹ́ta yìí bá pé, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ẹni tó lù yín

Ibí ni ẹ̀sùn púpọ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àkọ́kọ́, ṣé ọlọ́pàá ni? Kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró l'Ékìtì. Road Safety wà, VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò wà, àwọn EKSTMA tó ń darí ọkọ̀ láàrin ìlú Adó wà, Àmọ̀tẹ́kùn náà wà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí àyà àti sí ẹ̀yìn aṣọ. Lílù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè wádìí, ẹnì yòówù kó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó lè yọ ẹni náà níṣẹ́ yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá gbé ìwé tí ẹ kọ nípa ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn lọ bá Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá nìkan, yóò ní òun kọ́ ló gbà á síṣẹ́, òótọ́ ló sì sọ.

Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí, bí ó ti rọrùn sí ni mo ṣe tò ó: nọ́ńbà ọkọ̀ Hilux wọn, tí ó sábà máa ń ní NPF níwájú, ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, orúkọ tó wà ní àyà aṣọ, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, àmì tó wà ní apá tàbí ìràwọ̀ tó wà ní èjìká, ẹ kàn ka iye rẹ̀, orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é. Bó bá ti yọ àmì orúkọ kúrò, ìyẹn gan-an jẹ́ ohun tó yẹ kó wọ inú ìwé.

Ẹ má bi í ní "kí lorúkọ ẹ?" nígbà tí inú ń bí i. Mo ti rí i tí ìbéèrè yẹn sọ ìgbátí kan di mẹ́rin.

Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan ńkọ́? Ẹ má sọ ìrètí nù. Wọ́n máa ń kọ ibi tí wọ́n bá pín ọlọ́pàá sí sílẹ̀ ní téṣàn. Ẹni tó bá gbé ìbọn jáde máa ń bu ọwọ́ lu ìwé níbi tí wọ́n ti ń kó ìbọn pamọ́ sí. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ní ibi pàtó àti wákàtí pàtó, ọ̀gá wọn lè ṣí ìwé kó mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Wákàtí àti ibi ni wọ́n máa fi wá orúkọ náà jáde. Nítorí náà "lọ́nà Ìworòkò" kò tó. "Lójú ọ̀nà Adó sí Ìworòkò, ní apá ọ̀tún ẹni tó ń lọ sí Ìfàkì, ní ọwọ́ iwájú ilé epo tó kángun sí ìlú" ló tó.

Ẹ wo ìyàtọ̀ láàrin méjì yìí. Èyí tí wọ́n máa jù nù:

"Àwọn ọlọ́pàá fìyà jẹ mí gan-an, wọ́n lù mí bí ẹni máa kú, ìjọba ẹ gbà wá o."

Èyí tó máa yọ wọ́n lẹ́nu:

"Ní ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá mẹ́rin dá ọ̀kadà mi dúró ní Baṣírí. Èyí tó ga, tí àmì V mẹ́ta wà lápá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ǹtì, ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìdí ìbọn gbá mi ní èjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí i. Nọ́ńbà Hilux wọn parí sí D."

Kò sí igbe nínú ìkejì, kò sì sí ìbínú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tó máa kà á tí kò ní mọ ibi tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Kété tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Wákàtí tí ẹ fi í ránṣẹ́ yóò wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú yín lọ sídìí POS kí ẹ sanwó, ẹ má pa alẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ́. Orúkọ, iye owó àti àsìkò wà nínú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní ohun tí ẹ kọ. Ṣé ó lè sọ fún yín ẹni tó lù yín, ibi tó ti lù yín, aago mélòó, ohun tó fi lù yín, ibi tó bà lára yín, àti ẹni tó rí i? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ padà lọ fi kún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ilé ìwòsàn kí ẹ tó wẹ̀

Ilé ìwòsàn ìjọba ló dára jù: EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tàbí ilé ìwòsàn gbogboogbò tó sún mọ́ yín. Lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì má ṣú bá yín láìlọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú máa ń ti ènìyàn, tàbí ẹ̀rù á bà á, á wá sọ fún dókítà pé "mo ṣubú lórí ọ̀kadà ni." Dókítà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sí i, ìwé tí ẹ gbára lé yóò máa jẹ́rìí ta kò yín. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ọlọ́pàá ló fi kóńdó lù mí." Ẹ ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì béèrè ìwé àbájáde àyẹ̀wò tó ní orúkọ dókítà, ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Òfin 2017 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí wọ́n fìyà jẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Bó bá jẹ́ ìbọn ló bà yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó tọ́jú yín. Òfin kan tún wà, ọdún 2017 náà ni, tó pọn ọ́n ní dandan fún ilé ìwòsàn láti tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìdúró de ìwé kankan. Àwọn fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí méjì. Kí ẹni tó bá gbé yín lọ mọ èyí, torí ẹ̀yin lè má lè sọ̀rọ̀.

Ẹ ya fọ́tò: ọ̀kan tí ojú yín àti ọgbẹ́ jọ hàn, ọ̀kan láti ìtòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì, torí ara tó wú máa ń dúdú sí i kó tó lọ. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ fi bébà wé e, ẹ má fi sínú ọ̀rá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka ìwé dókítà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Orúkọ yín tọ́? Ọjọ́ tọ́? Ohun tó fa ọgbẹ́ wà níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ 4: Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú yín lọ sí téṣàn

Ìwé òfin, abala 35, fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó wù yín sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín láàrin wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín dé iwájú adájọ́, Èkìtì kò sì fẹ̀ débi tí èyí á fi nira. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹ ti rí i lára ògiri téṣàn fúnra yín.

Ẹ kọ sítétímẹ́ǹtì yín ní Yorùbá bó bá jẹ́ òun ló yé yín jù. Ẹ má buwọ́ lu bébà òfìfo, ẹ má buwọ́ lu ohun tí wọn kò kà fún yín. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni ìparí, nígbà tí wọ́n bá ní: "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o tọrọ àforíjì, ká jẹ́ kí o máa lọ." Gbólóhùn kan yẹn ló máa sọ ẹni tí wọ́n lù di ẹlẹ́ṣẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹbí yín mọ orúkọ téṣàn, aago tí ẹ débẹ̀, àti orúkọ ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé ẹjọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé ẹ̀sùn

Ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ tí àwọn tó lù yín ti wá. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ó sì lè bá wọn wí lójú yín, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ẹnu sọ kò ní fáìlì.

Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ni kí ẹ kọ ìwé sí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ibi mẹ́ta: Police Service Commission, torí àwọn ni ìwé òfin fún lágbára láti yọ ọlọ́pàá níṣẹ́ tàbí rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀, National Human Rights Commission, tí kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀sùn, àti ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, CRU, tó wà láti 2015. Bí Kọmíṣánnà bá dákẹ́, AIG, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ga ju Kọmíṣánnà lọ, tó ń darí Zone 17 ní Àkúrẹ́ ló kàn, abẹ́ rẹ̀ ni Èkìtì àti Oǹdó wà.

Ojú ewé kan tó, méjì ti pọ̀ jù. Ìpínrọ̀ kìíní: ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ń gbé. Ìkejì: ohun tó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ 2. Ìkẹta: ọgbẹ́, owó ìwòsàn, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Ìkẹrin, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ohun tí ẹ ń fẹ́. Kí wọ́n wá ẹni náà jáde, kí wọ́n wádìí, kí wọ́n fìyà tó tọ́ jẹ ẹ́, kí wọ́n dá ọ̀kadà padà, kí wọ́n sì kọ èsì sí yín.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kọ ìwé yìí. Bí ẹlòmíì bá bá yín kọ ọ́, kó kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ka gbogbo rẹ̀ fún yín, ó sì yé yín, kó wá fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Ìwé tí kò ní èyí, lọ́yà wọn lè fi ṣe ẹ̀sín ní kóòtù.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ìgbátí méjì, ẹ má pè é ní mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí irọ́ kan níbẹ̀, òótọ́ mẹ́sàn-án tó kù ti wọmi, irọ́ pípa fún ọlọ́pàá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ti fídíò: ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kí ojúlówó wà lórí fóònù tó yà á. Ẹ má gé e, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀, ẹ má fi orin sí i. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ní ohun tó ń béèrè kí kóòtù tó gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde, ẹni tó ni fóònù náà ni lọ́yà sì máa nílò. Ṣé kí ẹ gbé e sórí Facebook? Ojú tèmi ni pé kí ìwé ẹ̀sùn kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀. Ariwo máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè dáhùn, àmọ́ ìwé ni wọ́n máa fi ṣèdájọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ní òǹtẹ̀, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó gbà á. Bí wọn kò bá fẹ́ lu òǹtẹ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tí àwọn àgbà bá dé

Wọ́n máa dé. Bí ẹ̀sùn yín bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, láìpẹ́ ni ẹ ó máa rí pásítọ̀, lémọ́ọ̀mù, olóyè àdúgbò tàbí àbúrò ìyá ọlọ́pàá náà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ Èkìtì náà ni. Ó ní ìyàwó, ó lọ́mọ. Ẹ fi s'ílẹ̀ f'Ọlọ́run." Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ lè dárí jì í láìsọ pé kò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá máa gbà, kí ó san owó ìwòsàn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe é, kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú. Bébà tí wọ́n bá gbé wá tó sọ pé "àṣìgbọ́ ni" tàbí "èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é", ẹ má buwọ́ lù ú, ẹnì yòówù kó kúnlẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin lè fà sẹ́yìn, síbẹ̀ kí ọ̀gá wọn ṣì bá ìwádìí tirẹ̀ lọ.

*Àyẹ̀wò:* lọ́yà ti ka ohunkóhun tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù.

Ìgbésẹ̀ 7: Títẹ̀lé e, àti kóòtù

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan, ẹ kọ ìwé mìíràn lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, kí ẹ béèrè ibi tí ìwádìí dé. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ ìwé àkọ́kọ́ sínú rẹ̀.

Kóòtù kò ní dúró de ọlọ́pàá. Abala 46 nínú ìwé òfin 1999 fún yín láyè láti gba ilé ẹjọ́ gíga lọ tààrà lórí ẹ̀tọ́ yín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlànà 2009 tí wọ́n fi ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí sọ pé ọjọ́ kò lè lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú lásán lórí lílù lè bọ́ sínú òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tó fún yín ní oṣù mẹ́ta péré. Ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì, iṣẹ́ lọ́yà ni, ẹ má jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí ẹ tó rí i. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council ní Adó, kó mú ẹ̀dà gbogbo ìwé lọ́wọ́.

Kóòtù lè ní kí wọ́n san owó fún yín, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba bí wọ́n bá tì yín mọ́lé láìtọ́. Yíyọ ọlọ́pàá níṣẹ́ wà lọ́wọ́ Police Service Commission àti àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì máa lọ pọ̀.

*Àyẹ̀wò:* nígbà tí èsì bá dé, ẹ wò ó bóyá orúkọ ọlọ́pàá náà, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "a ti bá a wí bó ṣe yẹ" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ kọ̀wé padà lọ́sẹ̀ yẹn kan náà: ìyà wo, ta ló dá a, lọ́jọ́ wo?